Confucius àti Ìlànà Tó Kárí Ayé: Àwọn Ìbéèrè Tí Àwọn Ènìyàn Máa Ń Béèrè

Ṣé ìwà kan wà tó tọ́ sí gbogbo ọmọ ènìyàn, níbikíbi tí wọ́n bá bí wọn sí? Àbí ohun tí àwọn alágbára ayé fẹ́ ni wọ́n ń sọ di ti gbogbo wa? Ìbéèrè yìí ló máa ń tẹ̀lé orúkọ Confucius kiri láyé òde òní. Mo kó àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe rí i.

Ta ni Confucius gan-an?

Kong Qiu ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pè é ní Kongzi, ìyẹn Olùkọ́ Kong. Àwọn àlùfáà Jesuit tó lọ sí Ṣáínà ló yí orúkọ náà sí Látìn tó fi di Confucius. Wọ́n bí i ní ọdún 551 ṣáájú ìbí Jésù ní ilẹ̀ Lu, nítòsí Qufu ní ẹkùn Shandong, ó sì kú ní 479. Ó gba iṣẹ́ ìjọba díẹ̀, ó kúrò níbẹ̀, ó wá ń rìn láti ilẹ̀ kan sí èkejì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń wá olórí tó máa gba ìmọ̀ràn òun. Kò rí. Ó padà sílé, ó ń kọ́ ọmọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sínú ìwé tó ń jẹ́ Lunyu, tó ní orí 20.

Ṣé ẹ̀sìn ni ẹ̀kọ́ rẹ̀?

Ó dọwọ́ ohun tí ẹ bá ń pè ní ẹ̀sìn. Tẹ́ḿpìlì wà, ìrúbọ wà, ìrántí àwọn baba ńlá wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan, Zilu, bi í bí a ṣe ń sin àwọn ẹ̀mí àìrí, ohun tó fi dá a lóhùn ni pé: ìwọ tí o kò tíì mọ bí a ṣe ń sin ènìyàn, báwo lo ṣe fẹ́ sin ẹ̀mí àìrí? Ìdí nìyẹn tí Kristẹni, Mùsùlùmí àti ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan fi lè jókòó ti ìwé rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìlànà káríayé tí wọ́n fi ń jà?

Pushi jiazhi ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn ohun kan wà tó tọ́ sí ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn: kí wọ́n má fìyà jẹ ẹ́ láìṣẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀, kí ó ní ọwọ́ nínú yíyan ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀. Àwọn kan sọ pé ilẹ̀ Yúróòpù ni gbogbo rẹ̀ ti wá, pé bí ilẹ̀ mìíràn bá gbà á, ẹrú ni wọ́n ṣe. Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń bẹ nínú ìtàn, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Kí ni ren?

Ọ̀rọ̀ yìí ni òpó tó gbé ẹ̀kọ́ Confucius ró. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà, àmì "ènìyàn" ló wà lápá òsì, àmì "méjì" ló wà lápá ọ̀tún. Ènìyàn kan ṣoṣo tó dá wà nínú yàrá kò lè fi ren hàn. Nígbà tí Fan Chi, ọmọ ẹ̀yìn Confucius kan, béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ìdáhùn náà kò gùn: fẹ́ràn ènìyàn.

Ìtàn kékeré kan wà nínú Lunyu tí mo fẹ́ràn gidigidi. Ilé ẹṣin jóná. Confucius ti ààfin dé, ó béèrè pé, "Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?" Ìwé náà ní kò béèrè ẹṣin. Nígbà yẹn, ẹṣin jẹ́ owó ńlá. Àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin sì jẹ́ ìránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ẹni tó bá mọ ohun tó béèrè níwájú iná yẹn ti mọ ohun tí ren jẹ́.

Ren máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Mencius, olùkọ́ tó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Confucius, tó wáyé ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, là á sílẹ̀ pé: bọ̀wọ̀ fún àgbà ilé rẹ, kí o sì nà án dé ọ̀dọ̀ àgbà ilé ẹlòmíràn, ṣìkẹ́ ọmọ rẹ, kí o sì nà án dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ "nà án dé" yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Mozi, ọ̀gá ẹgbẹ́ mìíràn ní Ṣáínà àtijọ́, ní rárá o, kí a fẹ́ràn bàbá onílé kejì bákan náà bí a ṣe fẹ́ràn tiwa. Mencius kò gbà fún un. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá mọ bí ìfẹ́ bàbá ara rẹ̀ ṣe rí, kí ló fẹ́ mú lọ fún bàbá ẹlòmíràn? Nítorí náà, ẹ má ṣe gbà pé Yúróòpù nìkan ló ti jiyàn lórí ìfẹ́ tó kárí gbogbo ènìyàn. Àwọn wọ̀nyí ti ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí Jésù.

Ṣé òótọ́ ni pé ará Ṣáínà wà lára àwọn tó kọ Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn?

Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Peng Chun Chang ni orúkọ rẹ̀. Tianjin ni wọ́n bí i sí ní 1892. Ó kàwé ní yunifásítì Columbia ní New York, ó ń kọ eré orí ìtàgé, ó sì ṣe aṣojú ìjọba ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti kọ Ìkéde náà, Eleanor Roosevelt ni alága, Chang sì ni igbákejì rẹ̀.

Wọ́n ń kọ Abala Kìíní, wọ́n fẹ́ sọ ohun tí ènìyàn fi jẹ́ ènìyàn, wọ́n ní làákàyè ni. Chang ní làákàyè nìkan kò tó, kí wọ́n fi ren kún un. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ tó bá a dọ́gba. Wọ́n wá èyí tó sún mọ́ ọn jù, òun ni a wá ń pè ní ẹ̀rí-ọkàn. Ẹ wo bí abala náà ṣe rí lédè Yorùbá: "Gbogbo ènìyàn ni a bí ní òmìnira, iyì àti ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba. Wọ́n ní ẹ̀bùn ti làákàyè àti ti ẹ̀rí-ọkàn, ó sì yẹ kí wọn ó máa hùwà sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá." Níbi tí ẹ ti ka ẹ̀rí-ọkàn yẹn, ren ló wà lọ́kàn Chang.

Nǹkan díẹ̀ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rí-ọkàn ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ara mi. Àárín èmi àti ẹnì kejì ni ren ń gbé. Àmọ́ ẹ wo bí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ṣe parí gbólóhùn náà. Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nípa arákùnrin. Yorùbá ní ọmọ ìyá, ọ̀rọ̀ tó gba ọkùnrin, tó gba obìnrin, tó sì gbé wa padà sí ilé, ibi tí Mencius ní kí a ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ Yorùbá kan tí yóò gbọ́ "ọmọ ìyá" tí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Chang tún ṣe nǹkan mìíràn. Àwọn aṣojú Brazil fẹ́ kí abala náà sọ pé àwòrán Ọlọ́run ni a dá ènìyàn. Chang dìde. Ó ní àwọn ará Ṣáínà pọ̀ gan-an láàárín ọmọ aráyé, wọ́n sì ní àṣà tiwọn nípa ìwà ọmọlúwàbí àti ìgbatẹnirò, ṣùgbọ́n òun kò sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Òun ń retí kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun náà ṣe bákan náà. Brazil yọwọ́ nínú àbá wọn. Ohun tí Chang ṣe níbẹ̀ ni Confucius ń pè ní ìṣọ̀kan láìjẹ́ pé a rí bákan náà. Àyè kan ló ṣí sílẹ̀ kí oníkálukú lè gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ wọlé.

Nínú orílẹ̀-èdè 58 tó wà nínú àjọ náà, 48 fọwọ́ sí i ní Paris ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1948. Mẹ́jọ kò dá sí i, ẹnikẹ́ni kò sì lòdì sí i. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà nígbà náà, a kò ní ìjókòó níbẹ̀. Ẹni tó bá tìtorí èyí bínú sí Ìkéde náà, ìbínú rẹ̀ tọ́. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà nìkan.

"Ohun tí o kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọ, má ṣe é sí ẹlòmíràn." Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Jésù nìyẹn?

Ó jọ ọ́, àmọ́ Confucius ti sọ ọ́ ṣáájú. Zigong, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan, béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà tí ènìyàn lè fi gbé ayé rẹ̀, Confucius ní shu ni, ó sì fi gbólóhùn yìí tú u. Yorùbá náà ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ní 1993, níbi ìpàdé àwọn ẹlẹ́sìn àgbáyé ní Chicago, ìlànà yìí ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìkéde wọn nípa ìwà tó yẹ kó pa gbogbo ayé pọ̀.

Ìtàn àgùntàn tó wà nínú Lunyu ńkọ́? Ṣé Confucius ń kọ́ni láti bo olè mọ́lẹ̀ ni?

Ìbéèrè tó le jù nìyí lójú tèmi, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Olórí ìlú She yangàn níwájú Confucius. Ó ní ọkùnrin kan wà ládùúgbò àwọn tó jẹ́ olóòótọ́ débi pé nígbà tí bàbá rẹ̀ jí àgùntàn, òun gan-an ló lọ jẹ́rìí tako bàbá. Confucius ní olóòótọ́ tiwọn yàtọ̀: bàbá a máa bo àṣírí ọmọ, ọmọ a máa bo àṣírí bàbá, òtítọ́ sì wà nínú ìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà bá ara wọn jiyàn kíkan lórí rẹ̀. Liu Qingping ní ibí yìí ni ìwà ìbàjẹ́ àwọn aláṣẹ ti ta gbòǹgbò, nítorí ẹni tó bá fi ẹbí ṣáájú ohun gbogbo yóò fi ìjọba ṣe ẹbí rẹ̀ lóore. Guo Qiyong àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fèsì pé ìjọba tó bá ń fipá mú ọmọ láti jẹ́rìí tako ìyá rẹ̀ ti ba ohun tó ju àgùntàn lọ jẹ́. Nígbà tí Ṣáínà sì tún òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn ọ̀daràn rẹ̀ ṣe ní 2012, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ẹjọ́ kò ní fipá mú ọkọ tàbí aya, òbí tàbí ọmọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láti wá jẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fún tọkọtaya.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ ka ìtàn kejì mọ́ ọn. Wọ́n bi Mencius pé: bí bàbá Shun, ọba rere ìgbà láéláé, bá pa ènìyàn ńkọ́? Ó ní adájọ́ yóò mú un ni. Ṣé ọba kò ní dá adájọ́ dúró? Báwo ló ṣe fẹ́ dá a dúró, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe? Kí wá ni Shun yóò ṣe? Yóò ju adé sílẹ̀ bí ẹni ju bàtà tó ti gbó, yóò pọn bàbá rẹ̀, yóò sá lọ sí etí òkun, yóò sì gbàgbé pé òun jọba rí.

Ohun tí Shun kò lè ṣe ni kó jókòó lórí ìtẹ́ kó sì tún bo bàbá rẹ̀. Bí ó bá yan bàbá, ìtẹ́ ti lọ nìyẹn. Gómìnà tó fi ọ̀pá àṣẹ gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, tó tún wọ aṣọ ńlá lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, kò rí ìwé Confucius kankan tí yóò fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tí wọ́n pa lè ní ọmọ tirẹ̀ náà, Mencius kò sì sọ ohun kan nípa ọmọ ẹni tó kú. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ó yẹ kí ìlànà káríayé bá Confucius wí.

Ṣé kì í ṣe Confucius ni àwọn olórí Éṣíà fi ń sọ pé ìjọba tiwa-n-tiwa kò bá àwọn mu?

Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, pàápàá láàárín 1990 sí 1999. Lee Kuan Yew ti Singapore àti Mahathir Mohamad ti Malaysia ló léwájú nínú àwọn tó ní Éṣíà ní ìlànà tirẹ̀, pé àwùjọ ṣáájú ẹnì kan, pé ojúṣe ṣáájú ẹ̀tọ́. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1994, Lee tún ọ̀rọ̀ yìí sọ dáadáa.

Ní ọdún yẹn kan náà, Kim Dae-jung ti Gúúsù Kòríà dá a lóhùn. Ẹ rántí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti jí i gbé ní Tokyo ní 1973. Ìjọba ológun ti dájọ́ ikú fún un ní 1980. Ó ní kí Lee ka Mencius dáadáa: ọ̀run ló gbé iṣẹ́ lé ọba lọ́wọ́ láti ṣe rere fún ará ìlú, bí kò bá sì ṣe é, àwọn ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọ́. Mencius kò sì fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ó ní ará ìlú ló wúwo jù, ọba ló fúyẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó tọ́ kí wọ́n pa Zhou, ọba burúkú ìgbà láéláé, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n pa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zhou, òun kò gbọ́ pé wọ́n pa ọba. Kim di ààrẹ ní 1998, ó sì gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní 2000.

Èmi gbà pé Kim ló jàre. Nígbà tí Zilu bi Confucius fúnra rẹ̀ bí a ṣe ń sin ọba, ó ní: má tàn án jẹ, kò ó lójú. Ẹni tó bá fi Confucius pa ènìyàn lẹ́nu mọ́ ti ya ojú ìwé yẹn dànù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọ́ ohun tí mi ò sọ. Mencius kò mọ ìdìbò, kò mọ ètò kankan tó lè gba ará ìlú lọ́wọ́ ọba kí nǹkan tó bàjẹ́. Ìmọ̀ràn ló ní, lẹ́yìn ìmọ̀ràn, ọ̀tẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1958, àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà mẹ́rin, Mou Zongsan, Tang Junyi, Xu Fuguan àti Zhang Junmai, tẹ ìwé ìkéde kan jáde ní Hong Kong, wọ́n sì gbà pé àlàfo yìí wà, pé ìjọba tiwa-n-tiwa ni yóò dí i, àti pé ẹ̀kọ́ Confucius fúnra rẹ̀ ló ń béèrè fún un.

Kí ni Confucius sọ nípa obìnrin?

Díẹ̀ ló sọ, kò sì dára. Ó ní obìnrin àti àwọn ènìyàn kékeré ṣòro láti bá gbé: bí o bá sún mọ́ wọn, wọn kò ní bọ̀wọ̀ fún ọ, bí o bá jìnnà sí wọn, wọn a bínú. Àwọn kan ní àwọn ìránṣẹ́ inú ilé nìkan ló ń bá wí. Èmi kò ní bá wọn gbè é. (Wọ́n tún máa ń di ẹ̀bi ẹsẹ̀ dídì àwọn ọmọbìnrin rù ú, ìyẹn kì í ṣe tirẹ̀, ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.)

Gúúsù Kòríà ni kí ẹ wò. Òfin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ hoju, tó sọ ọkùnrin di olórí ilé nínú ìwé ìjọba. Bí bàbá bá kú, ọmọkùnrin kékeré lè di olórí ilé lórí ìyá rẹ̀ àti ìyá bàbá rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń tẹ̀lé Confucius jà fitafita kí wọ́n má fagi lé e. Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ wọn dá a lẹ́bi ní 2005, ó sì dópin ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2008. Àwọn ará Kòríà ṣì ń bọ̀wọ̀ fún òbí, wọ́n ṣì ń rántí òkú wọn lọ́dọọdún.

Ìjọba Ṣáínà òde òní ńkọ́? Ṣé ti Confucius ni wọ́n ń ṣe?

Ó dọwọ́ ọdún tí ẹ bá béèrè. Ní 1905, wọ́n fòpin sí ìdánwò ìjọba tí wọ́n ti ń fi ìwé rẹ̀ ṣe láti ọ̀rúndún pípẹ́. Ní 1919, àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Confucius ló ń fa Ṣáínà sẹ́yìn. Ní oṣù Kọkànlá 1966, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Pupa ti Beijing, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀lé Mao, lọ sí Qufu, wọ́n fọ́ òkúta ìrántí, wọ́n hú ibojì ìdílé Kong. Ní oṣù Kìíní 2011, wọ́n gbé ère rẹ̀ tó ga tó mítà 9.5 síwájú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó kọjú sí Tiananmen. Ní oṣù Kẹrin, ilẹ̀ mọ́, wọn kò rí i níbẹ̀ mọ́. Ní 2013, ìwé kan tó ti inú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jọba jáde kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nípa àwọn tó ń polongo ìlànà káríayé, bẹ́ẹ̀ ni oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni Xi Jinping lọ bẹ Qufu wò tó sì yin Confucius.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n lo bàbá àgbà náà bí ẹni pé ìlòdì sí ìlànà káríayé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Chang, ọmọ ilẹ̀ wọn, ti fi hàn ní 1948 pé ó lè jẹ́ ọ̀kan lára òpó rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ Confucius tó wà ní UNILAG ńkọ́?

Èdè Ṣáínà àti àṣà wọn ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ jù. Èyí àkọ́kọ́ lágbàáyé ṣí ní Seoul ní 2004. Ẹni tó fẹ́ mọ Mencius yóò ní láti fúnra rẹ̀ ṣí ìwé.

Ṣé junzi àti ọmọlúàbí jẹ́ ohun kan náà?

Wọ́n sún mọ́ra ju bí mo ṣe rò tẹ́lẹ̀ lọ. Junzi, bí a bá tú u ní tààrà, ni "ọmọ olóyè". Ẹni tí wọ́n bí sí ilé ńlá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kí Confucius tó dé. Òun ló yí i padà tó fi di ẹni tó ní ìwà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tálákà. Tiwa náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ọmọ", ìbí ló ń sọ, síbẹ̀ kò sí Yorùbá tó máa ń béèrè ilé tí ènìyàn ti wá kó tó pè é ní ọmọlúàbí. Ìwà rẹ̀ ni yóò wò.

Ibi tí wọ́n ti yà ni pé wọ́n fi junzi ṣe ìdánwò, wọ́n sì fi gba iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ẹnikẹ́ni kò fún ọmọlúàbí ní ìwé ẹ̀rí rí. Èyí gba tiwa lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àbùkù tó bá tiwọn.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ Lunyu, yóò sú yín. Ẹ wá ibi tí Mencius ti sọ̀rọ̀ ọmọdé tó fẹ́ já sínú kànga. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá rí i lójijì, àyà rẹ̀ yóò já, àánú yóò ṣe é. Kì í ṣe nítorí kó lè bá òbí ọmọ náà ṣọ̀rẹ́, kì í ṣe nítorí kí àwọn ará àdúgbò lè yìn ín, kì í sì ṣe nítorí pé igbe ọmọ náà ń dí i létí. Ìjáyà yẹn ni Mencius pè ní èhù ren, ó sì ní ẹni tí kò bá ní in kì í ṣe ènìyàn. Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ibi tí òun àti Gaozi, onímọ̀ kan nígbà ayé rẹ̀, ti jiyàn bóyá a bí ìwà rere mọ́ ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó padà sí Lunyu, ẹ ka orí 12 àti 15. Xunzi, olùkọ́ mìíràn tó tẹ̀lé Confucius, tó ní a kò bí ire mọ́ ènìyàn rárá, pé ẹ̀kọ́ ló ń sọ wá di ẹni rere, ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn. Ó gùn, ó sì le, ó sì dára kí ẹ ti fẹ́ràn Mencius kí ẹ tó gbọ́ bí ó ṣe ń ta kò ó.